Hárúnà Ìṣọ̀lá: Bí àwo ‘Òròkí’ ṣe gbilẹ̀, àti olórin tó fẹ́ jẹ èrè ọwọ́ ara rẹ̀

Ọ̀nà Ìkòròdú, láti Òjòta dé Kétu títí dé Mile 12, ni ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú ń gbà wọ Èkó, òun náà ni wọ́n sì ń gbà padà sílé. Kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó di lílò lọ́dún 1978, ọ̀nà yìí wà lára àwọn ọ̀nà pàtàkì tí ọkọ̀ ń gbà jáde nílùú Èkó lọ sí Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìjẹ̀bú-Igbó. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fi àwo àpàlà àtijọ́ sí i ní agbègbè Kosofe, àgbàlagbà tó bá ń kọjá kì í pẹ́ dá ohùn tó ń kọrin mọ̀. Ohùn olóògbé Alhaji Hárúnà Ìṣọ̀lá ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Bàbá Gàní Àgbà.

Lọ́dún 1971 ni Hárúnà gbé àwo kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní ‘Oroki Social Club’. Nínú gbogbo àwo tí ó ṣe láyé rẹ̀, kò sí èyí tó tà tó o. Iye tí àwọn tó ń kọ ìtàn orin ilẹ̀ wa sábà máa ń dárúkọ ni pé ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan ni olórin náà débẹ̀. Ọdún 23 ló wà láàárín àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ àti àwo Òròkí, àwo àkọ́kọ́ ọ̀hún kò sì tà rárá. Ohun tó ṣe láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àti ohun tó fi èrè rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ló jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ olórin tí òkìkí wọn kàn, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ wọn ṣófo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Hárúnà Ìṣọ̀lá Bello. Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú àwọn àgbẹ̀ kòkó àti àwọn agégẹdú, ni ìlú rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ẹ̀sìn náà sì hàn nínú orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orin àpàlà tí ó yàn láàyò jẹ́ orin tó gbilẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ìlù àti orin lọ káàkiri àdúgbò láti jí àwọn èèyàn kí wọ́n lè jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so ìpìlẹ̀ àpàlà pọ̀ mọ́ irú eré bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, orin náà kúrò ní ti ààwẹ̀ nìkan, ó di orin ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìwúyè àti òkú àgbà.

Àwọn ohun èlò rẹ̀ kò ju èyí tí gbogbo ilé mọ̀ lọ. Agídìgbo wà níbẹ̀, àpótí pákó tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí ẹni tó jókòó tì í ń fi ìka ta. Òun ló ń gbé orin náà ró nísàlẹ̀. Gángan ń sọ̀rọ̀ lókè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àkúbà sì ń tẹ̀ lé e. Kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí fèrè òyìnbó, kò sí dùùrù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí àwọn olórin mìíràn ń fi ohun èlò òkèèrè kún tiwọn, Hárúnà kò yí tirẹ̀ padà. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ náà ló fi parí.

Òun nìkan kọ́ ló kọ àpàlà lásìkò rẹ̀. Ligali Mukaiba wà ní Ẹ̀pẹ́, Àyìnlá Ọmọwúrà náà sì dìde ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ le bí ààrá. Ẹ̀gbọ́n àpàlà, ìyẹn sákárà, wà lọ́wọ́ àwọn bíi Yusuf Ọlátúnjí. Ọjà náà kún, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn yàtọ̀ yóò sọnù láàárín èrò.

Àwo àkọ́kọ́ kò tà

Lọ́dún 1948, nígbà tí Hárúnà ń lọ sí ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ṣe àwo àkọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ HMV, àwọn tí àwọn àgbà wa mọ àwo wọn mọ́ àwòrán ajá tó jókòó síwájú giramafóònù. Orin nípa Orímọlúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó, ló kọ sínú rẹ̀. Ọjà kò gbà á. Àwọn tí kì í ṣe ará ìlú rẹ̀ kò tíì mọ ẹni tó ń kọrin náà, ilé iṣẹ́ tó ń ta àwo kò sì ní máa lé olórin tí àwo rẹ̀ kò tà kiri.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá padà sí ẹnu iṣẹ́ mìíràn. Hárúnà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òde ló gbà lọ. Ó ń kọrin láti ìlú dé ìlú, níbi ìnáwó olówó àti ti mẹ̀kúnnù, títí orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí àwọn tó bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ ń bèèrè. Ọdún méje ló fi ṣe èyí kí ìlẹ̀kùn tó ṣí.

Lọ́dún 1955, Ọba Adébóyè, Orímọlúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, wàjà. Hárúnà tún orin tó ti kọ nípa Orímọlúsì ṣe, ó sì gbé e jáde lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjà gbà á. Ìlú ń ṣọ̀fọ̀ ọba rẹ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó wà lẹ́yìn odi sì fẹ́ ohun tí wọn yóò fi rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1948, ohùn àjèjì ló wà nínú àwo. Nígbà tó fi máa di ọdún 1955, ohùn ẹni tó ti kọrin níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn àti níbi òkú bàbá wọn ni. Láti ìgbà náà ni Hárúnà ti di ẹni tí wọ́n ń kà sí aṣíwájú nínú àpàlà.

Alẹ́ gígùn lóde àríyá

Ẹni tó bá rí Hárúnà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní rí olórin tó ń fò sókè fò sílẹ̀. Ìjókòó ló máa ń jókòó kọrin, àwọn onígángan méjì yóò wà nítòsí rẹ̀, àwọn onílù yòókù àti àwọn ẹlẹ́gbè yóò sì yí i ká. Ohùn rẹ̀ kì í sáré. Ó ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ́dẹ̀ lórí ìlù, ó ń fi òwe bọ òwe, ó sì ń mú ọ̀rọ̀ inú Àlùkùráánì wọ inú orin láìjẹ́ pé ó dà bí ìwàásù.

Lóde àríyá, eré rẹ̀ lè gba wákàtí mẹ́rin, ó sì lè tó wákàtí mẹ́wàá. Láàárín àkókò yẹn, iṣẹ́ olórin kò mọ sí orin nìkan. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń wọlé, orúkọ bàbá rẹ̀, oríkì rẹ̀, ìlú tó ti wá, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ọ̀rẹ́ tó bá a wá. Bí ọ̀kan bá ná owó, olórin yóò kì í dé ìdílé. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ lé e, a kò gbọ́dọ̀ kì í ju ti àkọ́kọ́ lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ kì í kéré jù. Àṣìpè orúkọ kan lè di ìbínú tí yóò pẹ́ kó tó tán. Hárúnà mọ iṣẹ́ yìí débi pé wọ́n kà á mọ́ àwọn olórin tí àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú kíkì ènìyàn ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwo ayé ìgbà yẹn kò lè gba irú eré bẹ́ẹ̀. Àwo tó máa ń fọ́ bí ìkòkò, èyí tí wọ́n fi ń ṣe orin lọ́dún 1948, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Kí olórin tó kí àwọn àgbà tán, àwo ti parí. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́ lóde láti alẹ́ dọ́jọ́ kejì kò ṣeé dì sínú rẹ̀. Nígbà tí àwo ńlá tí à ń pè ní LP wá di ohun tí gbogbo ayé ń lò, ojú kan rẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 20. Olórin àpàlà rí àyè mí. Ó lè jẹ́ kí ìlù wọlé dáadáa, kí ó ki ẹgbẹ́ kan láti orí dé ẹsẹ̀, kí ó sì tún padà sórí òwe tó fi bẹ̀rẹ̀. Láìsí àyè yìí, kò dájú pé àwo bíi Òròkí yóò wáyé.

Ìdí tí Star Records fi wáyé

Láyé ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ àwo wà ní Nàìjíríà. Àwọn ló ní ẹ̀rọ, àwọn ló mọ iye àwo tí wọ́n tẹ̀, àwọn náà ló ń ka owó. Olórin a máa gba owó iṣẹ́, ó sì lè gba ìpín kékeré lórí àwo tí wọ́n bá tà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n tà, kò ní ibi tí yóò ti wádìí bóyá ogún ẹgbẹ̀rún ni. Orin rẹ̀ lè máa dún ní gbogbo ilé ọtí, kí òun máa wá owó ọkọ̀.

Lọ́dún 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró parapọ̀ dá ilé iṣẹ́ Star Records sílẹ̀. Nínú ìwé àwọn tó ń kọ ìtàn orin, ilé iṣẹ́ yìí ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín.

Àjọṣe náà ya àwọn èèyàn lẹ́nu nígbà náà, ó sì tọ́ kó yà wọ́n lẹ́nu. Orin jùjú ni Dáíró ń kọ, pẹ̀lú gìtá àti dùùrù alápá tí wọ́n ń fà. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni. Lọ́dún 1963, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá a lọ́lá. Hárúnà jẹ́ Mùsùlùmí, olórin àpàlà, tí kò fi ohun èlò òyìnbó kan ṣe orin rẹ̀. Lóde àríyá, bí wọ́n bá pe ọ̀kan, ó lè jẹ́ pé wọn kò pe èkejì. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì rí i pé ìṣòro kan náà ló ń bá wọn fínra, wọ́n sì fi owó ara wọn sí i. Bí àwo bá tà, èrè di tiwọn. Bí kò bá tà, gbèsè náà di tiwọn, kò sí òyìnbó kankan tí wọn yóò rí bú.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ọdún tí wọ́n ṣe é. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1969. Ọdún 1972 ni ìjọba ológun tó gbé òfin jáde pé kí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú okòwò. Àwọn olórin méjì yìí ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún mẹ́ta ṣáájú òfin náà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé Hárúnà já okùn pátápátá pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Orúkọ Decca ni àwọn òpìtàn so mọ́ ìgbéjáde Òròkí. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwo òun dé gbogbo ọjà ṣì nílò ẹ̀rọ àti ọkọ̀ tó ń pín àwo kiri. Ṣùgbọ́n olórin tó ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó, kì í sì í bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọrọ.

Ọdún tí orin soul gba ìgboro

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ara àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Nílùú Èkó, orin soul ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló gba ìgboro láàárín àwọn ọ̀dọ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni orin yìí ti ṣẹ̀ wá, kí àwọn akọrin tó gbé e lọ sí ilé ijó. Láti ọdún 1966 ni Orlando Julius, ọmọ Yorùbá, ti ṣe àwo ‘Super Afro Soul’. Lọ́dún 1970, James Brown fúnra rẹ̀ wá ṣeré ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1971, àwọn olórin soul láti Amẹ́ríkà kóra jọ sí Accra, ní Ghana, fún àríyá ńlá kan, Wilson Pickett àti Tina Turner sì wà lára wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n jẹ́ kí irun orí wọn kún, àwọn kan sì ń sọ pé orin ìbílẹ̀ ti di ti àwọn arúgbó.

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà, Marvin Gaye gbé àwo ‘What’s Going On’ jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àwo soul tó dára jù lọ. Òun náà bá ilé iṣẹ́ fà á kó tó jáde. Berry Gordy tó ni ilé iṣẹ́ Motown kò fẹ́ gbé orin tó ṣáájú àwo náà jáde, Marvin Gaye sì kọ̀ láti ṣe orin mìíràn títí wọ́n fi gbé e jáde. Ìgbà tí orin náà tà ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Láti Detroit dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbéèrè kan náà ni àwọn olórin ń bèèrè lọ́dún wọ̀nyẹn: ta ló yẹ kó pinnu ohun tí olórin yóò kọ, ta ló sì yẹ kó jẹ èrè rẹ̀?

Láàárín ariwo soul yìí ni Hárúnà, ẹni tó ti lé ní ẹni 50 ọdún, jókòó sídìí agídìgbo rẹ̀.

Òṣogbo Òròkí

Òròkí jẹ́ oríkì ìlú Òṣogbo. Ẹni tó bá pe Òṣogbo ní Òròkí ń pe ìlú Àtàọ́jà, ìlú tí odò Ọ̀ṣun ń ṣàn gbà kọjá. Láti ọdún 1907 tí ọkọ̀ ojú irin ti débẹ̀ ni Òṣogbo ti di ojúkò òwò, tí àwọn oníkòkó, àwọn aláṣọ àti àwọn aláró ti rọ́wọ́ mú. Lọ́dún 1971, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ìlú náà wà, ṣùgbọ́n ó ti lókìkí nínú eré ṣíṣe àti iṣẹ́ ọnà. Dúró Ládiípọ̀ ti gbé eré ‘Ọba Kò So’ jáde láti ibẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá láti òkè òkun láti wo iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo.

Nílùú yìí ni Oroki Social Club wà, ibi tí àwọn tí ọwọ́ wọn dẹ̀ ti ń ṣe fàájì, tí Hárúnà àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti máa ń lọ ṣeré. Níbẹ̀ náà ni àwọn eré tó ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá ti ń wáyé. Orin tó fi ki ẹgbẹ́ náà ló fi sọ àwo rẹ̀ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe ń di àwo. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ kì í ṣe òde àríyá. Kò sí ẹni tó ń jó, kò sí ẹni tó ń náwó, kò sí ìyá arúgbó tí yóò dìde tí ara yóò fi yá olórin. Olórin àpàlà gbọ́dọ̀ jókòó sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, pẹ̀lú onílù àti ẹlẹ́gbè, kí wọ́n sì ṣe é bí ẹni pé èrò kún iwájú wọn. Àpàlà kì í ṣe orin tí èèyàn kan lè kọ́kọ́ kọ kí onílù tó wá fi tirẹ̀ kún un lọ́jọ́ kejì. Ohun tí gángan bá sọ ni olórin ń dáhùn, ohun tí olórin bá sọ ni ẹlẹ́gbè ń gbè. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá ti ṣeré pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lè ṣe é láìkọsẹ̀. Àwọn alẹ́ gígùn tí Hárúnà lò lóde, Òṣogbo sì wà lára wọn, ni ìdánrawò tó sọ àwo náà di ohun tó gún régé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé wọ́n ń ṣe eré ọwọ́ ni.

Ohun tó jẹ́ kó tà

Àwo náà tà nílé, ó tà lóko. Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló fà á.

Lákọ̀ọ́kọ́, àwo tó ki ìlú kan ti ní ọjà tirẹ̀ kó tó jáde. Ọmọ Òṣogbo tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kano tàbí ní Jos yóò fẹ́ kí orúkọ ìlú rẹ̀ máa dún nílé òun. Bí àlejò bá wá, àwo náà ni yóò kọ́kọ́ fi sí i.

Èkejì, ayé ẹgbẹ́ ni ayé náà. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀rẹ́ a máa kóra jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn a máa dá aṣọ, wọn a sì máa bá ara wọn ṣe ìnáwó. Nígbà tí wọ́n gbọ́ bí Hárúnà ṣe gbé ẹgbẹ́ Òròkí ga, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kí èèyàn jẹ́ ará Òṣogbo kí orin náà tó wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀kẹta, owó wọlé. Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Nígbà tí àwo náà jáde, pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n ń ná, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà tó wọlé. Nígbà tó sì di ọdún 1975 tí àwọn òṣìṣẹ́ gba owó Udoji, ọ̀pọ̀ ilé ló ra ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńlá tó ní ibi ìfi-àwo-sí lórí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ra àwo, àwo Hárúnà sì wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Ní àwọn abúlé tí iná mànàmáná kò dé, ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì ló ń gbé orin náà jáde.

Ẹ̀kẹrin ni ìwà orin náà fúnra rẹ̀. Soul àti àwọn orin òkèèrè gba ìgboro, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó wà lóko kòkó kò gbọ́ èdè wọn. Àpàlà Hárúnà bá a sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, ó fún un ní òwe tí yóò mú lọ sílé, kò sì sáré ju ẹsẹ̀ àgbà lọ. Bàbá lè jó o, ọmọ lè jó o, ìyàwó àfẹ́sọ́nà náà lè jó o láìsí pé aṣọ rẹ̀ tú. Àwọn tó sọ pé orin ìbílẹ̀ ti kọjá lọ rí i pé ojú ọjà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Òkè òkun àti ilé ìgbohùnsílẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó

Hárúnà wà lára àwọn olórin Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gbé orin ìbílẹ̀ dé òkè òkun. Ó ṣeré ní ilẹ̀ Benin, nílùú ọba, ní Sweden, Faransé, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì àti Ítálì. Bó ti ṣe jókòó ní Òṣogbo náà ló ṣe jókòó níbẹ̀, pẹ̀lú agídìgbo àti gángan.

Ṣùgbọ́n ohun tó fi owó rẹ̀ ṣe nílé ló jọ èèyàn lójú jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Phontrades. Kì í ṣe ẹ̀rọ kékeré ló kó síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ayé ń lò nígbà náà. Kàkà kó kọ́ ọ sí Èkó níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù wà, ìlú rẹ̀ ló gbé e lọ. Ẹni tó ti rin ìrìn àjò lọ bá ẹ̀rọ ní ọ̀dọ̀ àwọn olówó ní 1948 wá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá sí ìlú tó ti ń ki Orímọlúsì.

Ìgbésẹ̀ yìí náà ní ewu tirẹ̀. Owó ńlá ni ẹ̀rọ náà, iná mànàmáná kò dúró déédéé, ẹni tó sì lè tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe kò pọ̀ nílẹ̀ yìí. Olórin mìíràn ì bá fi owó náà kọ́ ilé sí gbogbo ìgboro Èkó, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí. Hárúnà ti rí i láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń sọ bí orin yóò ṣe rí, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ olórin.

Ìjọba àpapọ̀ mọ rírì iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi oyè M.O.N. dá a lọ́lá. Kò pẹ́ tó lò lẹ́yìn tí ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́dún 1983, Alhaji Hárúnà Ìṣọ̀lá fi ayé sílẹ̀ lẹ́ni nǹkan bí ọdún 64. Àyìnlá Ọmọwúrà ti ṣáájú rẹ̀ lọ lọ́dún 1980, Yusuf Ọlátúnjí oní-sákárà lọ́dún 1978. Láàárín ọdún márùn-ún péré, àwọn òpó tó gbé irú orin yẹn ró lulẹ̀.

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Fújì ló gba ipò lóde àríyá lẹ́yìn ikú wọn. Síbẹ̀, àwọn olórin fújì kò lè sọ pé àwọn kò mu nínú odò àpàlà. Bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn, bí wọ́n ṣe ń fi òwe gbé ọ̀rọ̀, àti bí gángan ṣe ń dá sí orin wọn, apá kan rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Hárúnà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá.

Nínú ilé tirẹ̀, ọmọ rẹ̀, Músílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá, gbé orin náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé àpàlà ti kú, Músílíù gbé ‘Sòyòyò’ jáde, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Òròkí jáde sì jó o nígboro. Wọ́n ń jó lórí ìlù tí bàbá rẹ̀ kọ̀ láti yí padà.

Lónìí, olórin tó bá fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kò nílò láti lọ bá HMV tàbí Decca. Inú yàrá kékeré pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, ó ti lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ta ló ni orin àti ta ló ń ka owó kò tíì tán, àwọn ọ̀dọ́ olórin ṣì ń fi ọwọ́ ara wọn fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà. Ọ̀rọ̀ tí Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró jókòó sọ lọ́dún 1969, kí òfin kankan tó ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n gbọ́.

Àwo Òròkí ṣì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ojú rẹ̀ ti há díẹ̀. Àwọn tó ni ín kì í yá èèyàn lo. Kí Ọlọ́run Ọba tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere.